Owó Ti Di Àkọsílẹ̀: Àlàyé Lórí Báǹkì Orí Fóònù àti Owó-Orí Fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́

Láti ìgbà tí àwọn òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ìbéèrè méjì ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Èkíní ni pé, ṣé òótọ́ ni pé ìjọba yóò máa bu owó-orí lára gbogbo owó tí a bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù? Èkejì ni pé, ṣé kò ní sàn kí a kó owó wa jáde ní báǹkì, kí a padà sí ìnáwó ọwọ́-sí-ọwọ́ bí ti àtijọ́?

Ìdáhùn kúkúrú sí ìbéèrè méjèèjì ni “rárá.” Ṣùgbọ́n “rárá” lásán kò tó fún ẹni tí ó fi òógùn ojú kó owó jọ. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí owó fúnra rẹ̀, kí a lè mọ ibi tí àǹfààní wà àti ibi tí ewu wà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé owó ti di àkọsílẹ̀. Bébà owó kò tíì tán ní ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú owó tí ń kúrò lọ́wọ́ oníṣòwò kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì ti di òǹkà tí a kọ sínú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ yóò jẹ àǹfààní ètò yìí. Ẹni tí ó bá fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún báǹkì àti ìjọba nìkan, ìṣirò ẹlòmíràn ni yóò máa san.

BÍ OWÓ ṢE Ń RÌN LÁÌKÚRÒ LÓJÚ KAN

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ra gàrí lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn, ó sì fẹ́ san ₦40,000 fún un. Báǹkì tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgbẹ̀. Ó tẹ fóònù rẹ̀, kò sì pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi dé sórí fóònù àgbẹ̀ pé owó ti wọlé. Kò sí ẹni tí ó gbé bébà owó kankan láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn. Kí ni ó ṣẹlẹ̀?

Kò yàtọ̀ sí ohun tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ń ṣe nínú ìwé léjà nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ní kí a yọ nínú owó ìfipamọ́ òun, kí a fi san gbèsè tí òun jẹ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn. Akọ̀wé yóò dín òǹkà kù ní ojú ìwé kan, yóò sì fi kún òǹkà ní ojú ìwé kejì. A kò ní ṣí àpótí owó rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni báǹkì oníṣòwò dín ₦40,000 kù lára òǹkà rẹ̀, tí báǹkì àgbẹ̀ sì fi ₦40,000 kún ti àgbẹ̀. Ẹni tí ó wà láàrin, tí ó ń jíṣẹ́ fún báǹkì méjèèjì, ni ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní NIBSS, èyí tí àwọn báǹkì àti Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ ni, tí a sì dá sílẹ̀ ní 1993. Ní 2011 ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò tí owó fi ń dé lójú ẹsẹ̀ láti báǹkì kan sí òmíràn. Ó ń kọ iye tí báǹkì kọ̀ọ̀kan jẹ èkejì sílẹ̀, wọn a sì san án fún ara wọn lẹ́yìn náà nínú àkáǹtì tí wọ́n ní lọ́dọ̀ Báǹkì Àpapọ̀.

Kò di dandan kí fóònù ènìyàn jẹ́ èyí tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn nọ́ńbà tí a ń fi àmì ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ tẹ fóònù lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣe POS. Ẹni yìí kì í ṣe báǹkì. Aṣojú ni, lábẹ́ ìlànà Báǹkì Àpapọ̀. Bí ẹ bá gba ₦10,000 lọ́wọ́ rẹ̀, owó inú àpótí rẹ̀ ni ó kà fún yín, òǹkà tiyín sì ti bọ́ sínú àkáǹtì rẹ̀. Ó ń ta bébà owó, ó sì ń ra òǹkà. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń gba owó iṣẹ́.

Ohun kan ni kí ẹ mú lọ́kàn nínú gbogbo èyí: kò sí ìgbésẹ̀ tí kì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́, wákàtí, iye owó, orúkọ ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti orúkọ ẹni tí ó gbà á, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ, kì í sì í gbàgbé.

BÍ A ṢE DÉ IBI TÍ A DÉ YÌÍ

Kẹ́ńyà ni orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ fi han gbogbo ayé pé fóònù lè ṣe iṣẹ́ báǹkì fún mẹ̀kúnnù. Ní oṣù kẹta ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ fóònù Safaricom bẹ̀rẹ̀ ètò M-Pesa níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó wà ní Nairobi a kó owó fún aṣojú ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, a fi fóònù rẹ̀ rán an, ìyá rẹ̀ ní abúlé a sì lọ gbà á lọ́wọ́ aṣojú mìíràn. Nígbà tí ó fi di 2012, Safaricom àti báǹkì kan ti dá M-Shwari sílẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè fi owó pamọ́, kí ó sì yá owó díẹ̀ lórí fóònù. Àkọsílẹ̀ ìnáwó onítọ̀hún lórí fóònù ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yá a lówó. Wọn kò bi í léèrè ilé tàbí ilẹ̀.

Ọ̀nà báǹkì ni Nàìjíríà gbà ní tirẹ̀. Ní 2012 ni Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò àdínkù bébà owó láti Èkó. Ní oṣù kejì 2014 ni a bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a so mọ́ ìka ọwọ́ àti ojú ènìyàn, tí ó sì so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ ní gbogbo báǹkì pọ̀. Ẹni tí ó ní àkáǹtì ní báǹkì mẹ́rin kò tún lè jẹ́ ènìyàn mẹ́rin mọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìlànà ìjọba nìkan ni ó mú ètò yìí dé ìsọ̀ aláta. Ọ̀wọ́n owó ni ó ṣe é. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tí oṣù kejì 2023 fi wọlé, àwọn ènìyàn ti ń kọ owó àtijọ́, owó tuntun kò sì tó. Àwọn ènìyàn ń tò síwájú báǹkì láti àárọ̀ di alẹ́. Ọjà àgbẹ̀ ń bàjẹ́ nítorí pé ẹni tí yóò rà á kò rí owó san. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún náà ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún. Ṣùgbọ́n ìyá aláta ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sára páálí, ó sì ti gbé e kọ́ sí ìsọ̀. Nígbà tí bébà owó padà dé, kò já páálí náà sílẹ̀ mọ́.

ÀǸFÀÀNÍ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀKỌSÍLẸ̀

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí bí ohun àjèjì. Láti ọjọ́ tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni a ti ń yá ènìyàn lówó nítorí àkọsílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa, ìlọ́po méjì owó tí ọmọ ẹgbẹ́ fi pamọ́ ni a lè yá a, bí onídùúró rẹ̀ bá pé. Kì í ṣe aṣọ tí ó wọ̀ wá sí ìpàdé ni a ń wò, ìwé ìfipamọ́ rẹ̀ ni. Báǹkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ orí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ohun tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni.

Oníṣòwò tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sanwó sí àkáǹtì lè mú ìwé àkáǹtì ọdún kan lọ bá báǹkì tàbí ẹgbẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ yáwó, kí ó sọ pé, “Ẹ wo bí ọjà mi ṣe ń lọ.” Ẹni tí ó ń gba gbogbo owó rẹ̀ sínú ìgò tàbí àpò kò ní ohun tí yóò fi hàn ju ìbúra lọ. Yàtọ̀ sí èyí, owó tí kò sí nílé kò ṣeé jí gbé nínú ilé, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà lókè òkun sì lè san owó ìpàdé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ.

Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Àwọn oníjìbìtì ń ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ tí ó jọ ti báǹkì. Wọn a kó ọjà lọ, owó kò sì ní wọlé. Kí oníṣòwò wo òǹkà inú àkáǹtì rẹ̀ kí ó tó kó ọjà sílẹ̀. Kí ó má ṣe gba fóònù ẹni tí ń rajà gbọ́. Bí a bá yọ owó lára yín tí kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ẹ má ṣe sáré rán an lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lórí rìsíìtì, kí ẹ sì gbé e tọ báǹkì yín lọ. Nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń ṣí owó kò yẹ ní ẹnu ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tí ó pè pé báǹkì ni òun.

OWÓ MẸ́TA TÍ A Ń DÀ PỌ̀

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Nígbà tí a bá fi owó ránṣẹ́, owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a lè yọ, àwọn ènìyàn sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní owó-orí.

Èkíní ni owó iṣẹ́ báǹkì. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2020, ₦10 ni fún owó tí kò ju ₦5,000 lọ. ₦25 ni fún èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ₦50,000. ₦50 sì ni fún èyí tí ó ju ₦50,000 lọ. Báǹkì ni ó ni owó yìí. Àwọn báǹkì orí fóònù kan sì wà tí kì í gbà á, tàbí tí ń yọ̀ǹda ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì ni VAT, owó-orí tí a ń san lórí ọjà àti iṣẹ́. Láti oṣù kejì 2020 ni ó ti jẹ́ náírà méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Orí owó iṣẹ́ báǹkì ni a ń ṣírò rẹ̀. A kì í ṣírò rẹ̀ lórí owó tí ẹ fi ránṣẹ́. Ibí yìí gan-an ni ìdààmú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wá.

Ẹ̀kẹta ni owó òǹtẹ̀ ìjọba, tí báǹkì ń pè ní stamp duty. ₦50 ni, lórí owó tí ó bá tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ohun tuntun. Òfin Ìnáwó ti 2020 ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn, ẹni tí ó gba owó ni a sì ń yọ ọ́ lára rẹ̀ nígbà náà. Láti oṣù kìíní 2026, ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ ni ó ń san án. Owó oṣù kò sí lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ènìyàn gbé láti àkáǹtì rẹ̀ kan sí àkáǹtì rẹ̀ mìíràn nínú báǹkì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún oníṣòwò wa tí ó fi ₦40,000 ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn. Owó iṣẹ́ báǹkì jẹ́ ₦25. VAT lórí ₦25 jẹ́ ₦1.88. Owó òǹtẹ̀ jẹ́ ₦50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦76.88. Bí ó bá jẹ́ pé orí ₦40,000 ni a ti ń gba VAT ni, ₦3,000 ni ìbá san. Ẹni tí ó sọ fún yín pé ₦3,000 ni, ẹ fi ìṣirò yìí hàn án.

Síbẹ̀, owó kékeré tí ó ń jò lójoojúmọ́ kì í ṣe owó kékeré fún ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́, tí olúkúlùkù sì ń fi ₦10,000 ránṣẹ́ láti báǹkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ₦4,612.50 ni gbogbo wọn ń pàdánù lóṣù kan, ìyẹn ₦55,350 lọ́dún. Bí wọ́n bá ń san ₦5,000 lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, owó òǹtẹ̀ kò ní sí níbẹ̀, owó iṣẹ́ báǹkì yóò sì jẹ́ ₦10. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ní ju ₦15,480 lọ lọ́dún. Èyí kò lòdì sí òfin. Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ tí ibi iṣẹ́ ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù wọn, tí a sì ń san án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìnáwó wọn tún kéré ju èyí lọ.

Ọ̀rọ̀ owó tí a ń yọ lára owó tí ń rìn kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní oṣù keje 2018, Uganda fi owó-orí kan nínú ọgọ́rùn-ún lé owó orí fóònù: ẹni tí ó san án sínú, ẹni tí ó fi ránṣẹ́, àti ẹni tí ó gbà á jáde ni ó kàn. Àwọn ènìyàn fárígá, ọ̀pọ̀ sì padà sí bébà owó. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti dín in kù sí ìdajì, ó sì fi mọ sí ibi gbígba owó jáde nìkan. Gánà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2022, ó jẹ́ kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dín in kù sí ẹyọ kan ní 2023, ó sì pa á rẹ́ pátápátá ní 2025. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó kan náà lè gba ọwọ́ mẹ́fà kọjá kí ó tó mú èrè kan ṣoṣo wá. Bí a bá ń ge díẹ̀ lára rẹ̀ ní gbogbo ọwọ́ tí ó bá kọjá, ẹni tí kò jèrè rárá yóò san bí ẹni tí ó jèrè. Owó-orí lórí èrè yàtọ̀ sí èyí, òun sì ni ó kù kí a yẹ̀ wò.

ÈRÈ NI A Ń SAN OWÓ-ORÍ LÉ LÓRÍ

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó-orí mẹ́rin. Lábẹ́ wọn, ẹni tí ohun tí ó kù fún un lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ kò ní san owó-orí lórí rẹ̀. ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e ni a ó san náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí. ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀ lé ìyẹn jẹ́ náírà méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ sókè títí dé náírà márùndínlọ́gbọ̀n. NIN ènìyàn ni ó ti di nọ́ńbà owó-orí rẹ̀. Fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé ni ó ń gba owó-orí yìí.

Ẹ kíyè sí i pé “ohun tí ó kù” ni a wí. Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí ń ta aṣọ. Ní ọdún kan, ₦9,000,000 gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá. Aṣọ tí ó fi ₦7,200,000 rà ni ó tà. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀ àti iná jẹ́ ₦600,000. Ohun tí ó kù fún un jẹ́ ₦1,200,000. Ẹ yọ ₦800,000 tí a kì í san owó-orí lé lórí. Ó ku ₦400,000. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦60,000 lọ́dún.

Ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí kò bá ní ìwé kankan ńkọ́? Òfin fún àjọ owó-orí láṣẹ láti fi òye ara rẹ̀ díwọ̀n owó-orí ẹni tí kò bá mú ìṣirò wá. Ohun tí òṣìṣẹ́ yóò rí nínú ìwé báǹkì ni ₦9,000,000. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ sí èrè, owó-orí rẹ̀ yóò di ₦1,410,000, èyí tí ó ju gbogbo èrè rẹ̀ lọ. A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe sí gbogbo ènìyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé obìnrin náà ni yóò mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí náà kò sì ju rìsíìtì ọjà tí ó rà, rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù àti ìwé ìṣirò ojoojúmọ́ lọ.

Bákan náà ni ẹ̀yáwó. Bí ẹgbẹ́ bá yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ₦500,000 tí ó sì wọ inú àkáǹtì rẹ̀, gbèsè ni, kì í ṣe èrè. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ àfi bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, kí akápò máa kọ àlàyé sí i nígbà tí ó bá ń fi owó ránṣẹ́, pé ẹ̀yáwó láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni, kí ọmọ ẹgbẹ́ náà sì tọ́jú ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì nìyẹn. Ẹni tí ó kó owó rẹ̀ jáde ní báǹkì nítorí owó-orí kò bọ́ lọ́wọ́ òfin. Ẹlẹ́rìí tí ìbá gbèjà rẹ̀ ni ó lé lọ.

EWU OWÓ ẸGBẸ́ NÍNÚ ÀKÁǸTÌ ẸNÌKAN

Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ wá lógún jù ni èyí. Ó kù nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ó jẹ́ pé inú àkáǹtì akápò tàbí ti alága ni owó ẹgbẹ́ ń wọ̀, nítorí pé ó rọrùn. Ẹni náà lè jẹ́ olóòótọ́ tí a kò lè fi ẹ̀sùn kankan kàn. Ewu náà kò sí nínú ìwà rẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ ni ó wà. Ọmọ ẹgbẹ́ ọgọ́ta tí ń san ₦10,000 lóṣù, ₦7,200,000 ni lọ́dún, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ̀rọ sì kọ sí i.

Àkọ́kọ́, àjọ owó-orí lè bi í pé níbo ni ó ti rí i. Èkejì, láti oṣù kẹjọ 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti fún àwọn báǹkì láṣẹ pé bí ènìyàn bá jẹ gbèsè tí kò san, kí a lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tí ó ní ní báǹkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN rẹ̀. Bí akápò bá jẹ báǹkì ní gbèsè, owó tí ẹ fi òógùn kó jọ ni ẹ̀rọ yóò fi san án. Kò mọ̀ pé ti ẹgbẹ́ ni. Ẹ̀kẹta, bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ẹni náà, báǹkì yóò ti àkáǹtì rẹ̀ títí ẹbí rẹ̀ yóò fi gba ìwé àṣẹ láti ilé-ẹjọ́. Ẹgbẹ́ yóò wá di ẹni tí ń bẹ ẹbí olóògbé fún owó ara rẹ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ KỌ̀Ọ̀KAN NÍ LÁTI ṢE

1. Kí ẹgbẹ́ ṣí àkáǹtì ní orúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ìpinnu ìpàdé gbogbogbòò. Kí ó má dín ní ènìyàn méjì tí yóò máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde, ìbáà ṣe lórí fóònù.

2. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fi owó ránṣẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó san án fún: ìfipamọ́, ìpín, tàbí owó ẹ̀yáwó tí ó ń dá padà. Owó tí kò ní àlàyé ń dá ìjà sílẹ̀ ní òpin ọdún.

3. Kí a má ṣe kó ìwé léjà sọnù. Ẹ̀rọ lè kọṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà inú ẹgbẹ́ ni kò lè ka ohun tí ó wà lójú fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwé ìfipamọ́ wọn. Kí akọ̀wé máa fi ìwé léjà wé ìwé àkáǹtì báǹkì lóṣooṣù, kí ó sì ka àbájáde rẹ̀ ní ìpàdé.

4. Kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ya àkáǹtì ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára àkáǹtì ilé. Owó ìsìnkú tí ẹbí dá jọ àti owó aṣọ tí a tà kò yẹ kí ó jọ sùn sójú kan.

5. Kí olúkúlùkù ní ìwé ìṣirò, ìbáà ṣe ìwé ọmọ iléèwé: ohun tí mo rà lónìí, ohun tí mo tà, ohun tí mo ná. Kí rìsíìtì máa wà nínú àpò kan, lóṣù kan sí oṣù kan.

6. Bí owó ẹgbẹ́ bá ti pọ̀, kí a má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sí báǹkì kan. Láti 2024, ₦5,000,000 ni àjọ NDIC, tí ń dáàbò bo owó tí a fi sí báǹkì, ń dúró fún lórí owó ẹnìkan tàbí ẹgbẹ́ kan nínú báǹkì ńlá kan. Nínú báǹkì kéékèèké aláyàwó, ₦2,000,000 ni.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ètò ìpàdé yín tí ń bọ̀. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan péré: orúkọ ta ni báǹkì kọ sí owó wa? Bí kì í bá ṣe orúkọ ẹgbẹ́, kí ẹ má ṣe túká láìyan àwọn tí yóò lọ tún un ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ jẹ́ kí a rí i dájú pé orúkọ gbogbo ọwọ́ náà ni ó wà nínú ìwé.